Ẹni Tó Bá Wọn Ọ́ìlì Ni Yóò Bá A Gòkè

"Wọ inú ọkọ̀ òfurufú, ká máa lọ," ni Ọ̀gá Tìmẹ́hìn, olórí àwa mekáníìkì, wí fún mi.

Ọjọ́ kìíní mi lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, ní pápá ọkọ̀ òfurufú kékeré tí àwọn tó ń wá epo rọ̀bì là sẹ́yìn Igbótako. Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ọkọ̀ náà ń lọ gbé irinṣẹ́ ní Wàrì.

"Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ lo wọn ọ́ìlì rẹ̀. Níbí, ẹni tó bá wọn ọ́ìlì ló ń bá ọkọ̀ gòkè."

Ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi kí n tó gba iṣẹ́.

Mekáníìkì lọ́rí ni mí tẹ́lẹ̀, ní Ìrẹ̀lẹ̀. Bí lọ́rí bá ti dúró báyìí, n ó fa gééjì yọ, ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n fa ìlà sí lára, tó ń wà nínú ẹ́ńjìnnì. Bí ọ́ìlì bá ti kàn án dé òkè, ó parí. Bí lọ́rí bá dákú lọ́nà, a ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, a ó máa jẹ gúgúrú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe fún ọkọ̀ òfurufú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ yìí, tí mo sì sọ fún ọ̀gá pé ó kún.

Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ kan sókè, mo rántí igbó àti omi tó wà láàárín wa àti Wàrì. Kò sí ẹ̀gbẹ́ títì lókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n tún un wò."

"Wò ó. A ò bá ẹnikẹ́ni díje."

Mo dúró títí ọ́ìlì tó ti ta káàkiri nínú ẹ́ńjìnnì fi sàn padà sísàlẹ̀. Mo fi àkísà nu gééjì gbẹ, mo tì í padà bọnú ẹ́ńjìnnì títí ó fi kanlẹ̀, mo wá fà á yọ. Ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ni ọ́ìlì kàn, kò tilẹ̀ dé ìlà ìsàlẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ rí kàn ta sí i lára ni. Mo na gééjì sí ọ̀gá.

Ó wò ó. Ó gbé agolo ọ́ìlì wá, a bù ú sí i títí ó fi dé ìlà òkè.

"Ọ̀gá, ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àbí? Ẹ kàn ń dán mi wò ni."

"N kò mọ̀. O ní ó kún, mo gbà ọ́ gbọ́."

Mo yọjú wo inú ọkọ̀. Àpò Ọ̀gá Tìmẹ́hìn ti wà lórí ìjókòó. Awakọ̀ ti de bẹ́líìtì, ó ń súfèé. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni àwọn méjèèjì gbé ẹ̀mí wọn lé.

Mo wọ ọkọ̀. A lọ, a bọ̀. Mo pẹ́ níbẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí, tí igbó gba pápá náà padà. Bí wọ́n bá bi mí pé ṣé ọ́ìlì kún, n kì í tètè dáhùn. Àpò àwọn tó fẹ́ gòkè ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.