Atukọ̀ Orí Ilẹ̀

Ó fi ahọ́n kan àtàǹpàkò rẹ̀. Díẹ̀ báyìí. Ó fi àtàǹpàkò náà nu ojú irin gígùn tí ìjókòó ẹ̀rọ ìtukọ̀ ń yọ̀ lórí rẹ̀, ó mú ṣọ́ọ̀kì pẹlẹbẹ kúrò lẹ́yìn etí, ó di ojú kan, ó sì fa ìlà funfun kan sórí irin. Tín-ín-rín. Ìlà télọ̀. Ó sún ìjókòó sẹ́yìn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi nà tán, ó fa ìlà kejì. Téèpù tó wà lọ́rùn rẹ̀ ló kàn. Ó nà án láti ìlà dé ìlà, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbójú sókè bí adájọ́.

"Ìdajì mítà," ni ó wí. "Àlọ ìdajì, àbọ̀ ìdajì. Mítà kan péré. Ẹ̀rọ yín sì ní mo ti rin mẹ́jọ. Olè ni."

Bí gbogbo ilé ìwòsàn ṣe kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n nìyẹn: bàbá kúkúrú kan, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tó fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣòkòtò rẹ̀ dáadáa kó tó wá ṣeré ìdárayá, tó sì fi ẹ̀sùn olè kan irin.

Ẹ̀rọ náà wà nígun yàrá eré ìdárayá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kò ṣeé ṣí. Kò sí omi, kò sí ọkọ̀. Ìjókòó kan tó ń yọ̀ síwá sẹ́yìn. Ọwọ́ igi kan tí wọ́n so mọ́ ẹ̀wọ̀n. Àwo irin ńlá kan tó máa ń mí hùùù bí ènìyàn bá ti fa ẹ̀wọ̀n náà. Lókè rẹ̀ ni gíláàsì kékeré kan wà tí nọ́ńbà ń yọ lójú rẹ̀, tó ń ka iye mítà tí ènìyàn ti tù. Nọ́ńbà yẹn ni ìjà wà lórí rẹ̀.

Kì í ṣe eré ló gbé Télọ̀ débẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà ní wọ́ọ̀dù òkè. Rọpárọsẹ̀. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti dákẹ́. Ilé wọn wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún, ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ nísàlẹ̀. Àkọ́bí wọn obìnrin ti pèsè yàrá kan sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀ nílé tirẹ̀, ní ìlú mìíràn. Yàrá náà mọ́, ó láfẹ́fẹ́, kò sì gbà ju ibùsùn kan lọ. Télọ̀ ní kò sẹ́ni tó ń lọ ibì kankan. Òun yóò máa pọn ìyàwó òun.

"Bàbá, ẹ ò lè pọ̀n wọ́n," ni tíṣà eré ìdárayá sọ fún un. Ọmọbìnrin náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í gba gbẹ̀rẹ́. "Ẹ̀yìn yín ò lágbára. Orúnkún yín ń ké. Mo gbọ́ ọ nígbà tí ẹ jókòó."

"Àga ló ké."

"Orúnkún ni, Bàbá. Ẹ lọ sórí ẹ̀rọ yẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tu ẹgbàá mítà láìsinmi, èmi fúnra mi á sọ fún dókítà pé kí Màmá máa bá yín lọ sílé. Oṣù méjì lẹ ní. Tó bá kọjá ìyẹn, ọmọ yín á wá mú wọn."

"Ẹgbàá? Gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta."

"Bàbá, a ò sí lọ́jà."

"Ẹgbẹ̀ta, màá sì bá ọ rán bọ́tìnnì sí aṣọ iṣẹ́ yẹn. Ọ̀kan ti já lọ́rùn ọwọ́."

Ọmọbìnrin náà wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Bọ́tìnnì ti já lóòótọ́. "Ẹgbàá," ni ó wí, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn.

Ẹni tó bá ti ránṣọ lọ́dọ̀ Télọ̀ rí kò ní bi í ní ìdí tó fi ń bá irin jà. Láti ogójì ọdún, kò gba ìwọ̀n tí ẹlòmíràn bá mú wá. Akọ̀wé àgbà kan wá rí. Ó ní kí ó rán ṣòkòtò fún òun, kí ó lo ìwọ̀n ọdún márùn-ún sẹ́yìn, nítorí ara òun kò yí padà. Télọ̀ bọ́ téèpù lọ́rùn. Ó fi téèpù yí i ká, ó rán ohun tí téèpù sọ, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà náà gàdàgbà sínú ìgbátí, kí ìyàwó akọ̀wé lè bá a kà á nílé.

Tíṣà gbìyànjú láti là á yé e. "Kì í ṣe ibi tí ìdí yín yọ̀ dé ló ń wọ̀n, Bàbá. Ibi tí ọkọ̀ máa dé ló ń wọ̀n, ká ní orí omi lẹ wà."

"Ọkọ̀ wo?"

"Ọkọ̀ tí ẹ jókòó sínú rẹ̀."

"Inú yàrá ni mo jókòó sí. Ọkọ̀ tí kò sí, báwo ló ṣe fẹ́ gbé mi débì kan?"

Bàbá kan tí wọ́n ń na apá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ́rìn-ín títí apá náà fi nà fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú àjákù aṣọ búlúù kan wá láti ṣọ́ọ̀bù. Ó ti ṣẹ́ etí rẹ̀, ó ti ki rọ́bà bọ̀ ọ́. Ó fi bo gíláàsì nọ́ńbà náà, ó tún un ṣe díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀rọ dé fìlà. Tíṣà rò pé kí nọ́ńbà má baà dá ẹ̀rù ba bàbá ni, pé yóò máa ṣí i wò bí ó bá parí. Ó sì kọjá lọ bá àwọn aláìsàn mìíràn. Kò mọ̀ pé láti ọjọ́ náà, Télọ̀ ti dá ìwọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀: fífà kan, mítà kan.

Mẹ́wàá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ó nà gbalaja sórí ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan sáré dé. Télọ̀ ní kí wọ́n má ṣèyọnu, òun ń wo bí wọ́n ṣe kan àjà ni.

Apá nìkan ló fi ń fà á nígbà náà, bí ẹni ń fa ewúrẹ́ olórí kunkun. "Ẹsẹ̀ kọ́kọ́," ni Tíṣà máa ń wí. "Ẹ̀yìn tẹ̀ lé e. Ọwọ́ gbẹ̀yìn." Kò wọ̀ ọ́ létí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tó dúró gbọnrangandan láàrin fífà kan, tó kígbe tí gbogbo yàrá fi yíjú: "Pẹ́dà ni! Ọmọ yìí, kí ló dé tí o ò ti sọ pé pẹ́dà ni? Ẹsẹ̀ ló ń ránṣọ. Ọwọ́ kàn ń tọ́ ọ sọ́nà ni." Láti ọjọ́ yẹn, ohùn àwo irin náà yí padà. Ó ń mí déédéé.

Ogún. Ogójì. Ó fẹ́ fò sí ọgọ́rùn-ún, Tíṣà dá a dúró. "Tí ẹ bá fẹ́ tú aṣọ ọmọ tó ń dàgbà, ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ máa ń tú gbogbo ìṣẹ́tí rẹ̀?"

Télọ̀ fi ọwọ́ igi náà sílẹ̀. "Ta ló kọ́ ẹ lọ́rọ̀ sísọ?"

"Ẹ̀yin ni." Ó ń rán bọ́tìnnì náà lọ́wọ́ nígbà tó ń dáhùn. Ó ti rán an ní wíwọ́. Télọ̀ gbà á, ó tú u, ó tún un rán.

Lójoojúmọ́, bó bá ti tù tán, á kọ nọ́ńbà sórí bébà tó lẹ̀ mọ́ ògiri, á gun òkè lọ jíṣẹ́. Ó ṣẹlẹ̀ pé ẹgbàá mítà yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà láti wọ́ọ̀dù dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọn. Ó mọ̀, ó ti wọ̀n ọ́n.

"Níbo lẹ dé lónìí, atukọ̀ mi?" ni ìyàwó máa ń bi í. Ìdajì ẹnu ló fi ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìdajì yẹn kò gbàgbé ẹ̀fẹ̀.

"Mo ti jáde ní géètì."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, géètì. Ọkọ̀ yín máa ń dúró kí gbogbo èèyàn ni?"

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ilé fọ́tò. Ọ̀sẹ̀ keje, ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì. Ọ̀ọ́dúnrún. Ó ń fà á fún ogún ìṣẹ́jú báyìí láìsinmi, ọrùn rẹ̀ ti nípọn, èjìká rẹ̀ ti ń fún ẹ̀wù. Ṣùgbọ́n ọ̀ọ́dúnrún ni bébà sọ. Tíṣà wo bébà náà, ojú rẹ̀ rọ̀. Kò tilẹ̀ ronú pé irọ́ lè wà níbẹ̀. Ta ni yóò purọ́ dín ara rẹ̀ kù?

Àkọ́bí dé lọ́jọ́bọ̀ pẹ̀lú àpótí òfìfo. Ọmọ dáadáa ni. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, kò sì tètè dìde. "Bàbá mi, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀la ló pé oṣù méjì."

"N kò bínú," ni Télọ̀ wí. "Ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó ní òun fẹ́ rí ọkọ̀ náà kí òun tó lọ. Wọ́n fi àga onítáyà gbé e sọ̀kalẹ̀. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Télọ̀ kò wò ó. Ó jókòó, ó de ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn. Ọwọ́. Ó ń kà á sábẹ́ ẹnu. Nígbà tó ka ọ̀ọ́dúnrún lé méjì, ó dáwọ́ dúró, ó tẹrí ba.

Ìyàwó na ọwọ́ òsì, èyí tó ṣì ń gbọ́ràn. Ogójì ọdún ló fi bá ọkùnrin yìí jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, tó ń rán bọ́tìnnì. Ó mọ ohun tó máa ń ṣe sí ìwọ̀n ẹlòmíràn. Ó ṣí fìlà lórí ẹ̀rọ. Ó kà á. Ó tún un kà.

"Tíṣà," ni ó wí, "ẹ bá mi pe ọkọ mi kó padà. Ó ti kọjá ilé."

Tíṣà sáré wá. Nọ́ńbà náà jẹ́ ẹgbàá, ó sì lé irinwó. Ó yí ojú sí bébà ara ògiri, ó yí i sí ìlà ṣọ́ọ̀kì méjèèjì lórí irin, ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

"Olè ni ẹ̀rọ yẹn," ni Télọ̀ wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò le mọ́. "N kò lè fi nọ́ńbà tí n kò ṣiṣẹ́ fún mú ọ lọ sílé. Tí mo bá gbé ọ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ńkọ́?"

Ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ti mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù láti ọjọ́ yìí.

"Ọkọ mi," ni ìyàwó wí, "tí ẹ bá ń rán ṣòkòtò, ṣé ibi tí ènìyàn dúró sí nìkan lẹ máa ń wọ̀n? Ṣé ẹ kì í fi àyè ìrìn sí i?"

"Mo máa ń fi sí i."

"Àyè ìrìn ni ẹ̀rọ yìí fi sí i fún yín. Kò jí nǹkan kan."

Télọ̀ mú ṣọ́ọ̀kì kúrò lẹ́yìn etí. Ó ń yí i láàrin ìka. "Tó bá jẹ́ àyè ìrìn ni," ni ó wí níkẹyìn, "ó yẹ kí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀." Ó dìde, ó kẹ́yìn sí ìyàwó rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tíṣà àti àkọ́bí bá a gbé e lé ẹ̀yìn. Ó nàró. Kò sí ohun tó ké, ì báà ṣe àga, ì báà ṣe orúnkún. Ó sì pọ̀n ọ́n yí yàrá náà ká lẹ́ẹ̀mejì, nítorí kò gba ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan gbọ́.

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n lò bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀, àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún wálẹ̀. Lálẹ́, mẹ́tàdínlógún padà. Àwọn oníbàárà máa ń gbọ́ wọn kí wọ́n tó rí wọn, nítorí ìyàwó ń ka àtẹ̀gùn sí i létí, ó sì máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fo ọ̀kan kí ó lè bá a jiyàn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Télọ̀ lọ, lórí ìjókòó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, téèpù lọ́rùn, ẹsẹ̀ lórí pẹ́dà. Ìyàwó ń fi ọwọ́ òsì rán bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́, ó rò pé ó ń sinmi ni. "Ẹ sinmi díẹ̀, atukọ̀," ni ó wí, ó sì rán bọ́tìnnì náà tán kó tó tún pè é.

Nílé ìwòsàn, ìlà ṣọ́ọ̀kì méjèèjì kò sí lórí irin mọ́. Fìlà búlúù ṣì wà. Tíṣà máa ń fi bo nọ́ńbà fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ikú rẹ̀, àkọ́bí wá mú ìyá rẹ̀ lọ. Ènìyàn méjì ló gbé e sọ̀kalẹ̀.