Kọ́lẹ́ẹ̀jì Kan Ṣoṣo fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé ní Kàdúná, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ìwé yé jù nínú ilé wa. Bí mo bá gbé ìṣirò lọ bá a nídìí iná, kì í gbọ́wọ́ kúrò lára ọbẹ̀ tó fi máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ará Ìlọrin ni bàbá wa. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní àdúgbò Kakuri nínú ìlú náà ló ti ń ṣiṣẹ́, bó bá sì dé nírọ̀lẹ́, ó máa ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéú lẹ́nu ọ̀nà.

Iṣẹ́ olùkọ́ ló wu ẹ̀gbọ́n mi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, olùkọ́ rẹ̀ obìnrin wá sílé wa, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó kọ̀wé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta: ti Kàdúná níbí, ti Ìlọrin, àti ti Abẹ́òkúta. Àwọn tó ń wá àyè pọ̀. Ibi tó bá ti bọ́ sí i, ẹ ó mú un lọ síbẹ̀."

Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa, àmọ́ ó ní ti Kàdúná nìkan ti tó, pé ọmọbìnrin òun kò ní máa dá wọ rélùwéè kiri. Màmá wa rọra sọ pé, "Àbúrò yín ṣáà wà ní Ìlọrin." Ẹ̀gbọ́n mi alára kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ti Ìlọrin kún un."

"Bí Ọlọ́run bá ti kọ ọ́ mọ́ ọ, wọ́n á gbà ọ́ níbí. Tò, ó tán."

Ẹ̀yin ọmọ mi, Bàbá kì í ṣe òǹrorò. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Wọn kò gbà á. Ó yege o, àyè ló kún. Nígbà tí èsì fi máa dé, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì yòókù ti parí gbígba orúkọ. Bàbá ní kó fara balẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Kí ọdún náà tó yí po, oníṣòwò kan láti Jọ́ọ̀sì wá tọrọ rẹ̀, àwọn àgbà ẹbí sì ní ọmọ tó ti jókòó sílé, kí ló tún ń dúró dè? Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ sílé ọkọ, ó kó àwọn ìwé rẹ̀ fún mi. "Máa lò wọ́n," ló wí.

Nígbà tó kàn mí, Bàbá pè mí síta. "Kọ̀wé síbi gbogbo tó bá wù ọ́," ni ó wí, kò wo ojú mi. Ìlọrin ni wọ́n ti gbà mí. Bàbá fúnra rẹ̀ ló sìn mí dé ibùdókọ̀ rélùwéè, ó gbé àpótí mi wọnú ọkọ̀, ó wá dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bí ọkọ̀ ṣe fẹ́ ṣí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ yìí. Èmi ni mo dá a dúró." Mo kàn ń wò ó títí mi ò fi rí i mọ́.

Mo ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbọ́n mi tajà ní Jọ́ọ̀sì, ó sì rán gbogbo ọmọ rẹ̀ níwèé. Lóde òní, ẹ ó jókòó ti fóònù, ẹ ó kọ̀wé síléèwé tó bá wù yín, òbí á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ ni. Ìyẹn dára. Èyí tó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni bí àwọn bàbá ìsinsìnyí ṣe ń wo ojú ọmọ wọn, tí wọ́n á ní, "Má bínú, mo ṣì í ṣe." Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣòro lẹ́nu àwọn bàbá ayé ìgbà tiwa. Bàbá wa fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi, ó sì mọ ohun tí òun fi dù ú. Ṣùgbọ́n títí ọlọ́jọ́ fi dé, èmi nìkan ló sọ ọ́ fún.