Ọjọ́ Tí Bàbá Àwọsánmà Lóyún

Ọjọ́ tí Bàbá Àwọsánmà lóyún, ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nínú gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn, ó sì ń bẹ ilẹ̀ pé kó jọ̀ọ́ lanu gbé òun mì.

Bàbá Àwọsánmà, tó ti di olóògbé báyìí, ló ń bójú tó ìwé ìtọ́jú gbogbo aláìsàn tó ń lọ sí àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àgbègbè náà. Òun ló kó wọn kúrò lórí àwọn kọ̀ǹpútà tó ń gbóná ní yàrá ẹ̀yìn, tó kó wọn lọ sórí èyí tí ilé-iṣẹ́ kan ń fi háyà fún tajá-tẹran láti ọ̀nà jíjìn, èyí tí wọ́n ń pè ní àwọsánmà. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti jáde. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí i, ó wọ ẹ̀wù kóòtù, ó dúró gbọn-in níwájú àwọn àlejò pàtàkì, ó ní kò sí ìwé tí òun ò lè gbé jáde kí èèyàn tó sín tán. “Ẹ jẹ́ ká fi tèmi dán an wò!”

Ìwé rẹ̀ hàn lára ògiri, gbàgàdà-gbàgàdà: Aboyún. Oṣù keje. Ìbejì.

Agbẹ̀bí àgbà kan ló kọ́kọ́ fọhùn láti ẹ̀yìn: “Ọ̀gá, ẹ tètè jókòó o, ẹsẹ̀ yín á wú!”

Ẹ̀rín bú. Ojú ti ọkùnrin náà débi pé etí rẹ̀ ń làágùn. Àṣé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti fi orúkọ rẹ̀ ṣe ìdánrawò, ìwé eré sì ti dà pọ̀ mọ́ ìwé òótọ́. Wọ́n rò pé yóò sá jáde ni. Kò sá. Ó di tábìlì mú, ó ní: “Ẹ rẹ́rìn-ín tán o. Bí èmi bá lè lóyún níbí, ta ló mọ ohun tó ti ṣe ẹlòmíì? A ò ṣí i mọ́ lónìí.” Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn fárígá, àwọn àlejò ń kùn, ó pa kọ̀ǹpútà náà. Ìgbà tí wọ́n tú ìwé wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí ọmọdé kan tí ìkìlọ̀ nípa oògùn tó lè pa á ti bọ́ dànù lára ìwé rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rántí ọmọ yẹn. Oyún ni wọ́n rántí. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, ilé ìwòsàn kan náà ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti ń kọjá ni wọ́n á ní: “Nọ́ọ̀sì, àwọn àbúrò yín inú bàbá ńkọ́?”

Bàbá náà kò ràn án lọ́wọ́. Ìyá àgbà kan bi í pé bí òjò bá rọ̀ sórí àwọsánmà yìí ńkọ́, ṣé ìwé òun ò ní rin? Ẹlòmíì ì bá bú sẹ́rìn-ín. Òun fa àga, ó jókòó. “Mọ́mì, ibi mẹ́ta tó jìnnà síra la dà á kọ sí. Bí òjò bá pa ọ̀kan, méjì wà ní gbígbẹ.”

“Ẹ ṣáà máa sá wọn sóòrùn.”

“Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ la ń sá wọn, Mọ́mì.” Ọmọ rẹ̀ fi àwo oògùn bojú.

Ó tún kù. Ọ̀gá àgbà yẹn wá lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ yọjú wo ìwé ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ òun. Bàbá Àwọsánmà kò sọ pé rárá. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, nǹkan róbótó kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n jókòó tì í títí.

“Kí ló ń ṣe?”

“Ó ń ronú, sà.”

“Látàárọ̀?”

“Ohun ìtìjú lẹ ní kó ṣe, sà. Ara rẹ̀ kọ̀ ọ́.”

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú ọmọ Bàbá Àwọsánmà, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n. Kò pẹ́ tí bàbá fi débẹ̀ láti wá yẹ kọ̀ǹpútà wọn wò, tòun ti ariwo ẹnu rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan bi ọmọ náà pé ta ni bàbá yìí. Ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu rẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni.”

Àṣé bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó mi orí. “Bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá rẹ̀ ló lẹ́wà, èmi ni mo gbọ́n.” Ó bá tiẹ̀ lọ. Kò mẹ́nu bà á nílé láéláé, ìyẹn ló sì gún ọmọ náà jù. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, àìsàn gbé bàbá náà wá sí wọ́ọ̀dù tí ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí sún mọ́ ọmọ náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n bàbá yín yìí, ṣé kò bímọ ni? A ò rí ọmọ rẹ̀ kankan.”

Ọmọ náà gbé ife omi ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. “Èmi lọmọ rẹ̀. Bàbá tó bí mi lọ́mọ ni. Ojú ló ń tì mí.”

Ẹni tí wọ́n rò pé ó ti sùn la ojú kan. “Ẹ wò ó, wọ́n ti rẹ̀ mí sílẹ̀ nípò. Ẹ̀gbọ́n ni mí tẹ́lẹ̀.”

Ẹ̀rín pa wọ́n. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dà. Ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì. “Bàbá mi, ẹ dárí jì mí.”

“Èwo ni ti ẹkún? Gbé ìrọ̀rí yìí sókè, ọrùn ń ro mí. Látàárọ̀ ni wọ́n ti ń gbé e, wọn ò mọ̀ ọ́n gbé.”

Ó rọra gbé orí rẹ̀, ó tún ìrọ̀rí náà ṣe. Títí bàbá fi dágbére fáyé ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, ọmọ rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹlòmíì bá òun fọwọ́ kan ìrọ̀rí náà.