Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta Gàfárù Wọ Ìfọ́n

Bí ẹ bá dé Ìlobù tí ẹ béèrè Gàfárù, wọn á ní èwo nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Gàfárù Ẹ-Má-Mira, ọmọdé á fà yín lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kùmásí ló ti kọ́ṣẹ́ fọ́tò. Nígbà tí wọ́n lé àwọn ọmọ Nàìjíríà kúrò ní Gáńà lọ́dún 1969, kámẹ́rà àti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé e lé ló rù wálé. Rísíkátù ìyàwó rẹ̀ kò tíì dárí maṣíìnì ìránṣọ tó fi sílẹ̀ jì í títí dòní.

Iṣẹ́ rẹ̀ dé Ìlobù, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn. Bó bá ti ní, "Ẹ má mira," olówó ni, tálákà ni, wọ́n á gan pa. Ó ń fi èyí yangàn ju bó ṣe yẹ lọ.

Lọ́dún 1984, Màmá Wúràọlá ránṣẹ́ sí i láti Ìfọ́n. Eléré orí ìtàgé ni màmá yìí nígbà èwe, ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló sì kọ́ gbọ̀ngàn tíátà àtijọ́ tó wà nílùú. Ikán ti jẹ òrùlé rẹ̀ tán, wọ́n fẹ́ wó o lọ́jọ́ kejì.

"Orí ìtàgé ni kí o ti ya inú rẹ̀ fún mi," ni Màmá wí. "Ibẹ̀ lèmi ti máa ń wò ó."

Fíìmù wọ́n bí ojú lọ́dún náà. Fọ́tò kan péré ló kù nínú kámẹ́rà.

Ohun tí Gàfárù gbàgbé ni pé ìjà ààlà ilẹ̀ ti wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n tipẹ́, àwọn awọnlẹ̀ ló sì máa ń gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kiri. Gbogbo ẹni tó pàdé lọ́nà ló kí dáadáa. Wọ́n jẹ́ ẹ, wọ́n sì ń wo irin èjìká rẹ̀.

Inú gbọ̀ngàn ṣókùnkùn. Ojú kámẹ́rà ní láti là sílẹ̀ títí Gàfárù yóò fi ka oókan dé ọgọ́fà, kí àtàǹpàkò rẹ̀ má sì kúrò lórí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó so mọ́ ọn. Ó ka márùndínlọ́gbọ̀n, ni Bàbá Adéjọbí, àgbà Ìfọ́n, bá wọlé pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jímọ́ọ̀, tó mú àdá dání.

"Ará Ìlobù, ta ló ní kí o wá wọn ilẹ̀ wa?"

Gàfárù fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò dúró ṣánṣán níwájú irú àgbà bẹ́ẹ̀ rí. Bó bá dọ̀bálẹ̀, okùn á fa kámẹ́rà, fọ́tò Màmá bàjẹ́ nìyẹn. Bí kò bá dọ̀bálẹ̀, àdá ń bẹ lọ́wọ́ Jímọ́ọ̀. Ìtìjú bò ó.

"Ẹ jókòó, Bàbá," ló wí. "Ẹ má mira."

Gàfárù ló ya fọ́tò ìgbéyàwó Olúbùnmi, ọmọ Bàbá. Ara kì í gbàgbé. Bàbá jókòó sórí bẹ́ńṣì iwájú, ó tẹ́ agbádá, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó sì gbé àgbọ̀n sókè. Jímọ́ọ̀ ní tirẹ̀ fi àdá sórí bẹ́ńṣì kan, ó ń wá èèkàn ààlà káàkiri abẹ́ bẹ́ńṣì.

"Ọgọ́fà," ni Gàfárù wí. Ó fò sílẹ̀ láti orí ìtàgé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ forí jì mí, Bàbá. Fọ́tò ni mo wá yà fún Màmá Wúràọlá."

"Ṣé mo lè mira?"

"Ẹ lè mira, sà."

Wọ́n ní ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n Gàfárù pẹ́ nílẹ̀ ọ̀hún.

"Dìde," ni Bàbá wí nígbẹ̀yìn. "Àbí ara rẹ lo wá fi ń wọn ilẹ̀ náà?"

Wọ́n wó gbọ̀ngàn náà lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí Gàfárù fọ fọ́tò tán, Jímọ́ọ̀ tó ń rìn kiri kò hàn níbẹ̀ rárá, torí kámẹ́rà tó lajú pẹ́ kì í mú ẹni tó ń mira. Àdá rẹ̀ nìkan ló dá jókòó sórí bẹ́ńṣì. Bàbá hàn, àmọ́ torí pé kíkà ti lọ kó tó jókòó, èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí bẹ́ńṣì gba inú agbádá rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba Gàfárù bó ṣe gbé e lọ.

"Ẹ má bínú, Màmá. Èèyàn ti wọ inú rẹ̀."

Màmá gbé e súnmọ́ ojú, ó wò ó títí.

"Adéjọbí," ló wí. "Ibi tó ti máa ń jókòó wo eré mi nìyẹn."

Ó gbé fọ́tò náà ti ògiri. Lẹ́yìn náà ló rọra kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, bó ṣe máa ń kí àwọn òǹwòran kí eré tó bẹ̀rẹ̀.