Agolo Méjì Tó Lọ sí Ṣakí

Ọkùnrin tó ń yí ẹ̀rọ sinimá ní Ìsẹ́yìn pe bàbá mi ní "ìwọ". Ọ̀sán gangan ni, lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, lọ́jọ́ Iléyá. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà báyìí, orí mi ti kún fún ewú, síbẹ̀ bí mo bá rántí ọjọ́ yẹn, inú ṣì máa ń bí mi.

Ọdún kejì tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, mo ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nínú ìlú wa. Ọdẹ ni bàbá mi. Awọ àgbò tó fi ń kírun àti ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ jọ wà nínú iyàrá kan náà ni, kì í sì í fi ọ̀kan jẹ èkejì níyà. Kò wọ ilé sinimá rí. Ó máa ń ní kí ni òun fẹ́ fi òjìji ènìyàn ṣe, nígbà tí ènìyàn gidi wà nígboro. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo ní owó oṣù mi àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ fi ṣe é lálejò. Bí a ti jẹran Iléyá tán ló wọ agbádá rẹ̀, a sì lọ.

Ilé tí wọ́n máa ń kó ewé tábà sí láyé àtijọ́ ni wọ́n sọ di ilé sinimá. Wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, wọ́n fi àpò dí ojú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ má baà wọlé. Ooru mú, àga kò tó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ráhùn, nítorí fíìmù kábọ́ọ̀ì tuntun ló dé.

Ọkùnrin kan gun ẹṣin tó ń tiro wọ ìlú kan tí ọ̀dá ti dá. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Olówó kan ti gba kànga kan ṣoṣo tó wà nílùú náà, ó fi àwọn oníbọn yí i ká, ẹni tí kò bá sìn ín kò ní mu omi. Àjèjì náà kì í sọ̀rọ̀. Á wo èèyàn títí, á sì ti fìlà rẹ̀ síwájú díẹ̀. Orin kan wà tí wọ́n ń fi ìfé kọ nígbàkígbà tó bá yọjú, àfi bíi pé ọyẹ́ ló ń fẹ́ gba àárín àpáta.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Mo fẹ́ máa túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá mi, ó ní kí n dákẹ́, òun ń gbọ́. Òótọ́ ni. Òun ló kọ́kọ́ fi tó mi létí pé ẹnu àwọn òyìnbó yìí ń sọ ọ̀tọ̀, ohùn wọn ń sọ ọ̀tọ̀. Mo rò pé ojú rẹ̀ ló ń tàn án. Ọdún púpọ̀ kọjá kí n tó kà á nínú ìwé pé àwọn ará Ítálì ló máa ń ṣe irú fíìmù bẹ́ẹ̀, pé wọ́n máa ń fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì lé e lórí tó bá yá. Ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ti rí ohun tí èmi tíṣà kò rí. Ó rí i pẹ̀lú pé àjèjì náà kì í dúró níbi tí oòrùn ti lè wọ̀ ọ́ lójú. Ìbọn tó ń yìn láìki ẹ̀tù nìkan ni kò gbà gbọ́.

Ìgbà tó yá, olówó náà àti àjèjì yìí dúró níwájú ara wọn lẹ́bàá kànga. Eruku ń fẹ́. Ọwọ́ wọn sún mọ́ ìbọn. Gbogbo wa mí sínú. Ẹ̀rọ dákẹ́, wọ́n sì ṣí àpò kúrò lójú fèrèsé. Ọkùnrin ẹlẹ́rọ náà, tó jẹ́ pé òun ló ni ilé sinimá, ní ó parí, ká máa lọ.

Àwọn kan kùn, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń dìde. Bàbá mi nìkan ló rìn lọ bá a. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé, "Ọmọ mi, ìtàn yìí kò tíì parí."

Ọkùnrin náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ó ní, "Ìwọ bàbá yìí, kí lo mọ̀ nípa sinimá? Padà sínú igbó rẹ, kí o máa lé ọ̀yà."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó rẹ́rìn-ín ni kò kúrò lọ́kàn mi. Mo mọ̀ wọ́n. Àwọn tó máa ń jẹ nínú ẹran ìgbẹ́ tí bàbá mi bá pa ni, àwọn tó jẹ́ pé ìdọ̀bálẹ̀ ni wọ́n fi ń kí i láàárọ̀. Mo la ẹnu, bàbá mi di ọwọ́ mi mú. Ó de fìlà rẹ̀, ó sì jáde.

Ní ọjọ́ kejì, gbogbo agbo àwọn ahunṣọ òfì ní àdúgbò wa ló ń súfèé orin náà. Bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Nírọ̀lẹ́ ni awakọ̀ bọ́lẹ̀kájà kan tó ń gbé ní ìtòsí wá kí i, ó sì tú àṣírí fún wa. Agolo pẹlẹbẹ mẹ́rin ni wọ́n ká fíìmù náà sí. Onísinimá ti pín in: méjì àkọ́kọ́ fún Ìsẹ́yìn, méjì ìkẹyìn fún Ṣakí, níbi tí àbúrò rẹ̀ ti ní ẹ̀rọ kejì, kí ó lè gba owó ọdún nílùú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Awakọ̀ yìí fúnra rẹ̀ ló gbé agolo méjì lọ sí Ṣakí.

Orí mi gbóná. Mo ní ká lọ bá ọkùnrin náà nílé rẹ̀. Bàbá mi ní rárá, ibi tí ìtàn kù sí ni ká lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ọdún la wọ bọ́lẹ̀kájà náà. A gba Òtu kọjá, eruku bò wá títí a fi dé Ṣakí. Ọ̀sán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sinimá níbẹ̀, èrò sì pọ̀. Bí iná ti mọ́ lára aṣọ, olówó àti àjèjì ló yọ sí wa lẹ́bàá kànga, wọ́n ti fẹ́ máa yìnbọn. Àwọn ará Ṣakí kò mọ ẹni tí èyí jẹ́, wọn kò mọ ohun tí tọ̀hún ṣe. Wọ́n ń bi ara wọn, ariwo sì ń pọ̀ sí i.

Bàbá mi kò lè fara dà á. Ó dìde, ó ní kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró. Ẹnu ya àbúrò onísinimá, ṣùgbọ́n ó dá a dúró. Bàbá mi bọ́ síwájú aṣọ funfun náà, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbààgbà tó wà níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹṣin ti ń tiro bọ̀. Ó tiro bí ẹṣin. Ó wo èèyàn bí àjèjì ti ń wò. Ó sọ nípa kànga, àti ìyá arúgbó kan tí àwọn oníbọn da omi rẹ̀ nù, bí ìgbà tí ọdẹ bá ń rojọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí nígbó. Àwọn tó wà lẹ́yìn rọ́ wá síwájú. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti gé e fún wa, ó ní, "Ó yá, ẹ máa yí i lọ."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe rí òpin rẹ̀. Wọ́n lé ara wọn káàkiri ìlú náà títí olówó fi ṣubú. Àjèjì fa omi nínú kànga, ó gbé e fún ẹṣin rẹ̀, lẹ́yìn náà ni òun náà tó mu. Kò dúró gba ọpẹ́. Bàbá mi mi orí. "O rí i? Ẹṣin ló kọ́kọ́ fún. Ọdẹ ni."

Bí a ti ń jáde ni àbúrò onísinimá wá bá wa. Ó dọ̀bálẹ̀, ó yin bàbá mi, ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa bá òun sọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí òun bá fẹ́ fi í hàn. Irú ọ̀yájú wo nìyẹn! Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú ènìyàn, òun fẹ́ fi ènìyàn dí ihò jìbìtì wọn.

Bàbá mi ní, "Agolo méjì wà ní Ìsẹ́yìn. Ẹ lọ gbé e wá. Mi ò lè di agolo fún yín."

Àwọn tó wà nítòsí gbọ́. Wọ́n bèèrè agolo wo, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, n kò fi ọ̀kan pamọ́. Ṣakí kì í gba ìyà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ kò ní kúrò nílùú àfi bí wọ́n bá rí fíìmù náà látòkè délẹ̀, láìsan kọ́bọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni onísinimá fúnra rẹ̀ gbé agolo méjì dé, ojú rẹ̀ le koko. Ó gba iwájú bàbá mi kọjá, kò kí i. Kò bẹ̀ ẹ́ nígbà náà, kò bẹ̀ ẹ́ títí a fi ń wọkọ̀ lọ sílé.

Ní Ìsẹ́yìn, onísinimá kò fi òpin rẹ̀ hàn rí. Ni àwọn tó fi bàbá mi rẹ́rìn-ín bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé wa lọ́jọ́ ọdún, kí bàbá wá sọ bó ṣe parí fún wọn. Ó ń sọ ọ́ fún wọn. Fídíò wọ ìlú ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, mo yá kásẹ́ẹ̀tì fíìmù náà wá sílé. Ojú bàbá mi ti ń ṣú. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn tún dé, irun wọn náà ti funfun, wọ́n sì ní kí n pa ohùn ẹ̀rọ, kí bàbá máa sọ ọ́. Mo bínú jáde lọ sẹ́yìnkùlé.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bi í pé kí ló dé tó fi ń ṣe àwọn tó fi í ṣẹ̀sín lálejò.

Ó ní, "Wọ́n sanwó wọlé bíi tiwa, wọn ò sì rí òpin. Ṣé kí èmi náà tún fi dù wọ́n ni?"

Bàbá mi ló lè sọ bẹ́ẹ̀, èmi kò lè sọ ọ́. Ní tèmi, kí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ ná nítorí ẹ̀rín ọjọ́ yẹn.