Okùn Ogójì Ẹsẹ̀ Bàtà

Òórùn ilẹ̀ tí òjò àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rin ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, àti ti koríko tí àwọn ọmọ ìwé kẹfà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdá gé lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìpẹ̀rú. Ìwé karùn-ún ni mo wà, lásìkò tí ìjọba ń pín ìwé fún wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Tísà wa, Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà, ti fi odindi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ wa ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwọ̀n yíká oko àti ìwọ̀n àyè tó wà nínú rẹ̀. À ń kà á bí orin, ohun tí à ń kà kò sì yé wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n kó wa lọ sí oko ilé ẹ̀kọ́, wọ́n pín wa sí ẹgbẹ́ mẹ́rin, ọmọ mẹ́wàá-mẹ́wàá. Wọ́n fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní okùn ogójì ẹsẹ̀ bàtà, pé kí a fi ṣe ààlà oko onígun mẹ́rin tí a ó gbin ilá sí. Wọ́n ti sọ fún wa lọ́jọ́ tó ṣáájú pé ilá tí ẹgbẹ́ kan bá ká, àwọn ọmọ inú rẹ̀ ni yóò pín in lọ sílé. Mo ti ní kí màmá mi má wulẹ̀ ra ilá mọ́.

Èmi ni olórí ẹgbẹ́ wa. Ẹnikẹ́ni kò yàn mí. Mo kàn gba okùn ni. Mo nà án láti ìdí máńgòrò lọ súà: ẹsẹ̀ bàtà mọ́kàndínlógún ní gígùn, ẹyọ kan péré ní fífẹ̀. Gígùn rẹ̀ wú mi lórí. Ràfíátù, olórí ẹgbẹ́ kejì, ọmọ tó lè má sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ṣe tirẹ̀ ní mẹ́wàá níbùú, mẹ́wàá lóròó. Mo káàánú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Tísà mú páálí kan jáde, ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú, kan lóròó. Wọ́n ń tẹ́ ẹ sínú oko, wọ́n ń ṣí i síwájú, àwa ń kà á. Nígbà tí a ka mọ́kàndínlógún, oko wa ti kún. Ti Ràfíátù, a kà á títí ọ̀nà ọ̀fun wa fi gbẹ. Ó di ọgọ́rùn-ún.

Mo ní páálí náà ló ní àbùkù. Tísà fi lé mi lọ́wọ́ pé kí n fi wọn oko wa fúnra mi. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, mọ́kàndínlógún ni. Wọ́n wá sọ pé, "Ogójì ẹsẹ̀ bàtà ló yí oko méjèèjì ká. Àyè inú wọn ni kò dọ́gba."

Àwọn ọmọ mẹ́sàn-án tó kù yíjú sí mi. Mo fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n ojú wọn kò gba ìyẹn.

"Ẹ má bínú," mo ní. "Èmi ni mo ṣì í."

Mo bi Ràfíátù bó ṣe mọ ọgbọ́n tirẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Mi ò mọ ọgbọ́n kankan. Mo kàn fẹ́ kí gbogbo wa ríbi dúró sí ni."

Tísà kò jẹ́ kí a tún okùn nà. Wọ́n ní tí ilá bá so tán, ẹ̀kọ́ náà yóò yé wa dáadáa. Ó sì yé wa. Lọ́jọ́ ìkórè, abọ́ ńlá ni ẹgbẹ́ Ràfíátù fi kó ilá. Méjì ló kàn mí. Màmá mi gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìyá Olóko, ṣé kò wúwo jù fún ẹ bó o ṣe rù ú bọ̀?"

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, mo sì ti kọ́ àwọn ọmọ níṣirò fún ìgbà pípẹ́ ní Ìkẹ́nnẹ́. Bẹ́ ẹ bá jí mi lójú oorun, mo lè ṣàlàyé ìwọ̀n méjèèjì. Síbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo jẹ́ nígbà náà jù mí lọ níbì kan. Kí agogo ìsinmi tó lù lọ́jọ́ yẹn, ó ti gbà lójú gbogbo ènìyàn pé òun ló ṣì í. Èmi àgbàlagbà yìí, bí mo bá ṣe àṣìṣe, ọkọ mi ní ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó gbà. Mo sì máa ń bá wọn jiyàn pé ọjọ́ méjì ni.