Orin Àjíǹde Tó Ń Sáré

Fádà àgbà kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló fún bàbá mi ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ náà, irú èyí tó ń lo téèpù tí wọ́n ká sára kẹ̀kẹ́ ńlá méjì. Ó tóbi tó àpótí aṣọ. Bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà ní Bantè, fi aṣọ funfun bò ó ní pálọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn oúnjẹ, ó máa ń ṣí aṣọ náà, a ó sì jókòó gbọ́ orin Mísà tí òun fúnra rẹ̀ gbà sílẹ̀. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àwọn ọ̀sán wọ̀nyẹn.

Ní ọdún kan láàárín àwọn ọdún 1990, ìyá bàbá mi ṣàìsàn. Wọ́n gbé e lọ sí Savalou, sílé àbúrò bàbá mi, kó lè sún mọ́ ilé ìwòsàn. Ìyá àgbà yìí ló dá ẹgbẹ́ akọrin wa sílẹ̀. Òun náà ló fi èdè Ìṣà tiwa ṣe orin Àjíǹde kan, a kì í sì í ṣe Àjíǹde láìkọ ọ́. Lọ́dún yẹn ó ránṣẹ́ pé kí a bá òun gbé orin náà wá, pé òun kò fẹ́ kí Ọlọ́run pe òun láìgbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Téèpù kan ṣoṣo ló kù fún bàbá mi, ó sì ti já níbi mẹ́ta tó ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Kí gbogbo orin Mísà Àjíǹde lè wọ ojú kan rẹ̀, ó yí ẹ̀rọ sí ìrìn pẹ̀lẹ́, nítorí bí téèpù bá rọra ń yí, orin púpọ̀ ló ń gbà. Èmi ni mo dá orin Ìyá àgbà, àwọn yòókù gbè é. Nígbà tí a gbọ́ ọ nílé, ó dùn.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti bàbá mi gun alùpùpù lọ sí Savalou. Ẹ̀rọ wa wúwo jù, àmọ́ àbúrò bàbá mi ní tirẹ̀, nítorí náà téèpù nìkan ni a mú lọ. Mo fi gèlè wé e mọ́ àyà kí eruku má bàa wọ̀ ọ́.

Ìyá àgbà ti rù. Ó di ọwọ́ mi mú láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá mi kékeré, ṣé ẹ gbé e wá?"

"A gbé e wá, Màmá."

Àbúrò bàbá mi fi téèpù sí ẹ̀rọ tirẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì. Ohùn wa jáde tín-ín-rín, ó ń sáré tete.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ṣé akọrin lẹ gbà sílẹ̀ ni, àbí ẹyẹ ẹ̀ga?"

Bàbá mi yẹ ẹ̀rọ náà wò yíká. Ìrìn kan ṣoṣo ló ní, ìyẹn ìrìn eré; kò ní ìrìn pẹ̀lẹ́ tí a fi gba orin náà sílẹ̀. Òógùn bò ó.

"Ìyá, ẹ má bínú. Èmi ni mo fà á. Mo ń ṣọ́ téèpù lò."

Omi ti lé sójú mi nígbà tí mo gbọ́ ẹ̀rín. Ìyá àgbà ló ń rẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi wúkọ́.

"Ẹ pa á! Ta ló ń lé yín? Ṣé ọlọ́pàá dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni? Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ pé ẹ máa ń sáré kọ orin yìí!"

Ó ní kí wọ́n gbé òun jókòó. Ìyàwó àbúrò bàbá mi, ọmọ Mahi tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Ìṣà, fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn. Bàbá mi yí téèpù sí ojú kejì tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì ìgbohùnsílẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá àgbà ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu itan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń ṣe tí a bá ń kọ́ orin, ó sì dá a fúnra rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ròkè mọ́. Ó ń sinmi kó tó mú ìlà mìíràn, àwa náà ń dúró dè é kí a tó gbè é. Ìyàwó yẹn kò mọ ọ̀rọ̀ orin náà, ó kàn ń kùn tẹ̀lé wa.

Nígbà tí orin parí, Ìyá àgbà fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí.

"Ó tó. Mo ti gbọ́ ọ wàyí. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́, Màmá."

Ọlọ́run pè é kí òjò tó múlẹ̀. Ẹ̀rọ tiwa ní Bantè ní ìrìn méjèèjì, nítorí náà ohùn rẹ̀ jáde níbẹ̀ bó ṣe rí gan-an. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, tí téèpù bá ti dé ibi tó ti béèrè pé ṣé ẹ gbọ́, ẹni tó bá ń kó àwo á dúró, gbogbo wa nínú pálọ̀ á sì jọ dáhùn pé: "A gbọ́, Màmá."